Ilé Kan, Orúkọ Púpọ̀: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Kọ́ Láti Béèrè Ẹni Tí À Ń Wá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ tó, kí ó wo ìlú Bouaké ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ìlú náà wà ní àríwá Abidjan, ní nǹkan bí 350 kìlómítà, ní àárín ilẹ̀ àwọn Baule. Kí ojú irin tó dé ibẹ̀ ní 1912 ni agbègbè náà ti jẹ́ oríta òwò: obì ń gòkè lọ láti inú igbó, iyọ̀ àti ẹran ọ̀sìn sì ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti apá òkè. Ní òpin ọ̀rúndún 19, ogun Samori lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé wọn wá sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú irin tún kó àwọn mìíràn dé, àwọn ọmọ Yorùbá, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Anago, sì wà lára wọn.

Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, àlejò kò lè dá dúró. Àwọn Júlà, tí òwò jẹ́ iṣẹ́ ìran wọn, ní orúkọ fún ẹni tí ń gba àlejò sílé: wọ́n ń pè é ní jatigi. Òun ni ó ń fún oníṣòwò ní ibi tí yóò sùn, tí ó ń bá a tọ́jú ẹrù rẹ̀, tí ó sì ń dúró fún un níwájú àwọn oníbàárà. Ilé jatigi kan lè gba àlejò láti ìlú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ẹnu-ọ̀nà ilé náà, ọ̀kan ṣoṣo ni. Bí òjíṣẹ́ kan bá dé ẹnu-ọ̀nà yìí, tí ó wí pé, “Ẹ bá mi mú ẹrù tí ó wà nínú iyàrá jáde,” kò sí ẹni tí yóò mọ ẹrù tí ó ń wí. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ́kọ́ wí pé, “Lágbájá, ará ìlú báyìí, ni mo wá,” ọ̀rọ̀ tán. Agboolé Yorùbá kò yàtọ̀. Ìdílé mẹ́wàá lè máa gbé inú rẹ̀, kí wọ́n sì máa gba ẹnu-ọ̀nà kan wọlé. Orúkọ tí àlejò bá dá ni yóò fi ojúlé tí ó ń lọ hàn.

Ohun tí onílé ní Bouaké ti mọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ yìí ni àwọn tí ó dá íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kò rántí fi sínú ètò ìkànnì wọn níbẹ̀rẹ̀. Ó ná wọn ní ọdún díẹ̀ kí wọ́n tó rí i, ohun tí ó sì ṣòfò láàárín àkókò náà kò kéré. Ìtàn bí wọ́n ṣe rí i ni ìtàn ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní virtual host, èyíinì ni ọgbọ́n tí kọ̀ǹpútà kan fi ń jẹ́ ilé fún ìkànnì mẹ́wàá, tàbí ọgọ́rùn-ún, láì da ìwé ọ̀kan pọ̀ mọ́ ti èkejì.

Ìlú Geneva ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí à ń pè ní CERN. Ní oṣù kẹta ọdún 1989, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Tim Berners-Lee kọ àbá kan síwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀, pé kí a so ìwé inú kọ̀ǹpútà kan mọ́ ti òmíràn, kí ẹni tí ń ka ọ̀kan lè bọ́ sínú èkejì láì dìde níbi tí ó jókòó. Kí ọdún 1990 tó parí, ó ti ṣe sáfà àkọ́kọ́. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa dúró de ìbéèrè. Bí a bá béèrè ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀, yóò mú un jáde, yóò fi í ránṣẹ́, yóò sì tún máa retí ẹlòmíràn. Orúkọ tí a fún ti Berners-Lee ni info.cern.ch.

Èdè tí a fi ń bá sáfà yìí sọ̀rọ̀ kúrú púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ìbéèrè náà kò ju GET lọ, tí ó túmọ̀ sí “mú wá”, lẹ́yìn rẹ̀ ni orúkọ ìwé tí à ń fẹ́. Ó parí. Kò sí ìkíni, kò sí “ta ni mo wá”. Ní ìgbà náà, kò sí ohun tí ó burú nínú èyí, nítorí kọ̀ǹpútà kan kì í jẹ́ ju ilé ìkànnì kan lọ. Ẹni tí ó lọ sí ahéré tí ẹnìkan ṣoṣo ń gbé, kí ni yóò máa dárúkọ sí lẹ́nu-ọ̀nà?

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ bí àlejò ṣe ń dé ẹnu-ọ̀nà ọ̀hún. Kọ̀ǹpútà kò mọ orúkọ. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Láti 1981 ni a ti fi ìlànà lélẹ̀ pé gbogbo kọ̀ǹpútà tí ó bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò ní nọ́ńbà onípín mẹ́rin, irú bí 192.0.2.10, tí ìpín kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kò ní ju 255 lọ. Bí a bá ṣírò gbogbo nọ́ńbà tí ó lè jáde láti inú ètò yìí, wọn kò ju 4,294,967,296 lọ. Nítorí pé orí ènìyàn kò lè gba irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, Paul Mockapetris gbé ètò mìíràn kalẹ̀ ní 1983, tí à ń pè ní DNS. Ó dà bí ìwé ńlá kan tí a kọ orúkọ sí apá kan, tí a sì kọ nọ́ńbà sí apá kejì. Òǹkàwé á dá orúkọ, ìwé náà á fún un ní nọ́ńbà, yóò sì mú nọ́ńbà yìí pọ̀n.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Bí nọ́ńbà bá ti tẹ àlejò lọ́wọ́, orúkọ parí iṣẹ́ rẹ̀, a sì jù ú nù. Nígbà tí àlejò bá fi máa dé iwájú sáfà, kò mú ju nọ́ńbà ilé àti orúkọ ìwé lọ. Ká ní oníṣòwò kan àti ilé-ẹ̀kọ́ kan jọ ń lo sáfà kan, tí àwọn méjèèjì sì ní ìwé àkọ́kà tí ń jẹ́ index.html, bí àlejò bá wí pé, “Mú index.html wá,” ti ta ni sáfà yóò mú? Kò sí bí ó ṣe lè mọ̀.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó wà nígbà náà ni pé kí a wá nọ́ńbà ọ̀tọ̀ fún orúkọ kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà kan lè gbé nọ́ńbà púpọ̀ rù, bí ẹni pé a lu ẹnu-ọ̀nà mẹ́wàá sára ilé kan. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í ṣe omi òkun. Nígbà tí àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí rọ́ wọ inú íntánẹ́ẹ̀tì ní 1994 àti 1995, orúkọ tuntun kọ̀ọ̀kan ń jẹ nọ́ńbà kan. Àwọn tí ó tètè dé ti bu tiwọn bí ẹni tí ó mọ̀ pé ìkòkò kò ní tán láé. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà, Massachusetts Institute of Technology, nìkan ní nọ́ńbà 16,777,216. Ọdún 2017 ni ó tó kéde pé òun yóò ta nǹkan bí ìdajì wọn.

Ìdáhùn sí ìṣòro yìí wá láti ọwọ́ àwọn tí ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Ní yunifásítì Illinois ni Rob McCool ti kọ ètò sáfà kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Nígbà tí ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1994, iṣẹ́ náà di ọmọ òrukàn. Àwọn mélòó kan lára àwọn tí ń lò ó, tí olúkúlùkù ti ń bá a lẹ ibi tí ó ya, wá pa ọwọ́ pọ̀ ní oṣù kejì 1995. Wọ́n sọ iṣẹ́ wọn ní Apache, wọ́n sì gbé e jáde fún gbogbo ènìyàn ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, láì gba owó. Kò tó ọdún méjì tí Apache fi borí gbogbo àwọn tí ó kù.

Láàárín àkókò yìí ni àwọn tí ń ṣe òfin íntánẹ́ẹ̀tì fi ẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi lè ti ènìyàn pé wọn kò ti rò ó tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí àlejò má ju orúkọ nù mọ́. Lẹ́yìn tí ó bá ti wí pé “mú ìwé báyìí wá”, kí ó fi ìlà kan kún un tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà Host, kí ó sì kọ orúkọ ilé tí ó ń wá síbẹ̀. Apache 1.1, tí ó jáde ní 1996, ti gbọ́ èdè yìí. Netscape 2, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ka ìkànnì nígbà náà, sì ti ń sọ ọ́. Ní oṣù kìíní 1997 ni a kọ ọ́ sínú ìlànà tuntun tí à ń pè ní HTTP/1.1, tí a tún ṣàtúnṣe rẹ̀ ní oṣù kẹfà 1999. Òfin náà le: bí àlejò bá fi ìlànà tuntun yìí béèrè, tí kò sì dárúkọ, sáfà kò gbọdọ̀ dá a lóhùn ju pé ìbéèrè rẹ̀ kò tọ́, pẹ̀lú nọ́ńbà àṣìṣe 400. Bẹ́ẹ̀ ni àìdárúkọ di ẹ̀ṣẹ̀ lẹ́nu-ọ̀nà.

Ẹ kíyèsí i pé a kò ra ẹ̀rọ tuntun, a kò ri wáyà tuntun mọ́lẹ̀. Ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìkíni lásán, ni ó sọ ahéré di agboolé.

Bí a ṣe ń ṣètò agboolé yìí kò ṣòro láti lóye. Sáfà ní ìwé kan tí a kọ ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ sí, ó sì dà bí ìwé orúkọ tí olùkọ́ ń pè ní òwúrọ̀. Nínú ìwé Apache, a ó ya abala kan sọ́tọ̀ fún ìkànnì kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi VirtualHost ṣe àkọlé abala náà. A ó kọ ẹnu-ọ̀nà tí àlejò yóò gbà síwájú. 80 ni nọ́ńbà ẹnu-ọ̀nà gbangba, 443 sì ni ti ẹnu-ọ̀nà àṣírí. Lábẹ́ rẹ̀ ni ServerName, orúkọ tí ilé náà ń jẹ́ gan-an, yóò wà. ServerAlias tẹ̀ lé e, fún orúkọ mìíràn tí àwọn ènìyàn lè fi pè é, gẹ́gẹ́ bí ọmọ kan ṣe ń ní àbísọ àti oríkì. Lẹ́yìn náà ni DocumentRoot, tí ń fi àpótí tí ìwé ilé náà wà hàn. Bí ìkànnì bá jẹ́ ogún, abala yóò jẹ́ ogún. Nginx, ètò sáfà tí Igor Sysoev, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, gbé jáde ní 2004, ń lo ọ̀rọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó ti kó ìtìjú bá ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí àlejò bá dá orúkọ tí kò sí nínú ìwé, sáfà kì í sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Yóò mú un lọ sí abala tí a kọ́kọ́ kọ, ẹni yòówù kí ó ni ín. Nítorí náà, bí akọ̀wé bá ṣi orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kan kọ, àní kí lẹ́tà kan ṣoṣo ṣubú, òbí tí ó fẹ́ wo èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ lè bá ara rẹ̀ ní ìkànnì àwọn onítẹ́tẹ́ tí ó jọ ń gbé inú sáfà kan náà. Ẹ̀rọ kò ṣe àṣìṣe. Ẹni tí ó kọ ìwé ni ó ṣe é. Ọlọ́gbọ́n olùtọ́jú sáfà máa ń fi abala òfìfo kan ṣe àkọ́kọ́, tí yóò máa sọ fún alárìnkiri pé, “Ẹni tí ẹ ń wá kò sí níhìn-ín.” Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í jẹ́ kí sáfà tẹ̀ lé àtúnṣe tuntun kí ó tó ní kí ẹ̀rọ yẹ ìwé náà wò, nítorí pé nínú agboolé, àṣìṣe tí a ṣe nínú abala ẹnìkan lè ti ẹnu-ọ̀nà mọ́ gbogbo ènìyàn.

Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ẹnu-ọ̀nà gbangba ti yanjú, ti ẹnu-ọ̀nà àṣírí ṣì kù. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́, tàbí tí ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ará ọ̀nà gbọ́, kò ní gba ẹnu-ọ̀nà 80. Ní ti àṣírí, sáfà ní láti kọ́kọ́ fi ìwé ẹ̀rí hàn pé òun ni ẹni tí òun pe ara òun. Ìgbà tí àlejò bá gba ẹ̀rí yìí gbọ́ ni yóò tó lanu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ta ni sáfà yóò fi hàn, nígbà tí àlejò kò tíì dárúkọ? Àlejò kò lè sọ̀rọ̀ kí ó tó rí ẹ̀rí, sáfà kò sì lè yan ẹ̀rí kí ó tó gbọ́ ọ̀rọ̀. Nítorí èyí, ìkànnì tí ó bá fẹ́ ẹnu-ọ̀nà àṣírí tún ní láti lọ wá nọ́ńbà tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́.

Ní oṣù kẹfà 2003 ni a kọ àtúnṣe sílẹ̀. A pè é ní SNI, ohun tí ó sì ń ṣe ni pé àlejò yóò rọra dá orúkọ ilé tí ó ń wá nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀kùn, kí ọ̀rọ̀ àṣírí tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà pípẹ́ ni ó tó wúlò fún gbogbo ènìyàn, nítorí pé Internet Explorer orí Windows XP, tí ó wà káàkiri nígbà náà, kò mọ̀ ọ́n. Oṣù kẹrin 2014 ni Microsoft sì tó dẹ́kun títọ́jú Windows XP. Ní ìparí 2015 ni Let's Encrypt bẹ̀rẹ̀ sí fún gbogbo ènìyàn ní ìwé ẹ̀rí láì gba kọ́bọ̀. Láti ìgbà náà, ilé-ẹ̀kọ́ abúlé lè ní ẹnu-ọ̀nà àṣírí bíi ti báǹkì. Àbùkù kan ni pé orúkọ tí àlejò ń dá lẹ́nu-ọ̀nà yìí wà ní gbangba, ẹni tí ó bá lúgọ lẹ́bàá ọ̀nà lè gbọ́ ọ.

Ó lè jọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni gbogbo èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹrin 2005 ni AFRINIC, àjọ tí ń pín nọ́ńbà fún ilẹ̀ Áfíríkà láti erékùṣù Mauritius, tó gba àṣẹ ní kíkún. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì 2011, a pín ìdìpọ̀ nọ́ńbà márùn-ún tí ó kù nínú àká àgbáyé, ọ̀kan fún ẹkùn márààrún tí ó wà láyé. Ìdìpọ̀ ìkẹyìn tí ó kan gbogbo Áfíríkà jẹ́ 16,777,216, iye kan náà gẹ́lẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà ti ń dá ní fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òtítọ́ ni pé irú nọ́ńbà tuntun kan ti wà, tí ó gùn tí kò sì lè tán bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì lé ti àtijọ́ lọ. Ká ní gbogbo orúkọ ṣì ń béèrè nọ́ńbà tirẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ ìjọ, ìwé ìròyìn, ilé ìtajà àti ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wa ni ìbá dúró síta. Ìkíni ẹnu-ọ̀nà ni ó gbà wọ́n wọlé.

Ìtàn Bouaké fi ẹ̀kọ́ mìíràn kún èyí. Láti 1971, fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ìlú náà ni orísun ètò ẹ̀kọ́ orí tẹlifíṣàn tí ìjọba Côte d'Ivoire fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ohùn kan ni ó ń jáde láti ibì kan, ẹ̀kọ́ kan náà ni gbogbo kíláàsì ń gbọ́, kò sí ọmọ tí ó lè dáhùn pé, “Ti àdúgbò wa ni mo fẹ́.” Sáfà tí ó mọ orúkọ yàtọ̀ sí èyí. Ibì kan ṣoṣo ni ó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi ohun tí ó béèrè fún.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án 2002 ni ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, Bouaké sì di olú-ìlú àwọn ọlọ́tẹ̀. Yunifásítì ìlú náà kó lọ sí Abidjan. Ọjọ́ 4 oṣù kẹta 2007 ni a tó fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Ouagadougou. Ní oṣù keje ọdún náà ni a dáná sun ohun ìjà ní pápá ìṣeré Bouaké, kí gbogbo ayé lè rí i. Ní 2012 ni yunifásítì náà gba orúkọ tuntun, Alassane Ouattara. Ní gbogbo ọdún tí ó fi jẹ́ àlejò ní ìlú mìíràn, ilé rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n yunifásítì Bouaké ni a ṣì ń pè é. Orúkọ lè ṣí kúrò nínú ilé kan kí ó sì wọ òmíràn, bí ẹni tí ó ni orúkọ kò bá sọ ọ́ nù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ìkànnì. Ẹni tí ó gba iyàrá nínú sáfà ẹlòmíràn kò ní ilé. Bí onílé bá jẹ gbèsè, tàbí tí iná bá jó agboolé, gbogbo àlejò ni yóò bá a lọ. Ṣùgbọ́n bí orúkọ bá jẹ́ tirẹ̀, tí ó ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ó sì ní ẹ̀dà ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ sí sáfà mìíràn, yóò ní kí a yí nọ́ńbà tí ó wà níwájú orúkọ rẹ̀ padà nínú ìwé DNS, àwọn òǹkàwé rẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé ó ṣí. Ẹni tí ó jẹ́ kí onílé fi orúkọ onílé forúkọ òun sílẹ̀ ni yóò padà wá bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu-ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń san owó iyàrá lọ́dọọdún tí kò sì tíì béèrè rí pé lórúkọ ta ni a kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ òun sí.

Àwọn baba wa wí pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Nínú ayé tí ilẹ̀ ti pín tán kí a tó dé, kò sí àbùkù nínú kí a jọ gbé inú agboolé kan. Ohun tí ó kù ni kí àlejò máa dárúkọ kí ó tó wọlé, kí akọ̀wé máa kọ orúkọ náà bí ó ti tọ́, kí olúkúlùkù sì di orúkọ tirẹ̀ mú ṣinṣin.